Ta Ló Dá Wọn Dúró? Bí A Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Adènà Nígbà Tí Eré Básíkẹ́ẹ̀tì Bá Ku Ìṣẹ́jú Díẹ̀

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1994, nílùú Houston ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Rockets ń fi àmì méjì péré ṣáájú New York Knicks, 86 sí 84, ó sì ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí eré parí. Eré kẹfà àṣekágbá ni; bí Knicks bá borí lọ́jọ́ náà, àwọn ni ì bá gba ife NBA. John Starks, tó ti ju àmì 16 wọlé ní kọ́tà kẹrin nìkan, gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìlà alámì mẹ́ta, ó fò sókè, ó jù ú. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, na ọwọ́, orí ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kò sì dé àwọ̀n. Eré parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Rockets borí eré keje, 90 sí 84, wọ́n gbé ife lọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ eré ka ohun tí Olajuwon ṣe yẹn sí blọ́ọ̀kù kan. Blọ́ọ̀kù kan náà ni wọn ì bá kọ ká ní kọ́tà kìíní ló ti ṣe é, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì làágùn. Ìwé náà kò sì sọ fún wa pé kì í ṣe Olajuwon ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ Starks. Patrick Ewing lẹni tirẹ̀. Ewing ló wá fi ara ṣe ògiri fún Starks, Olajuwon sì rí i pé bí òun bá dúró ti Ewing, kò sẹ́ni tí yóò dé ọ̀dọ̀ Starks lásìkò. Ó fi ẹni tirẹ̀ sílẹ̀, ó sáré jáde dé ìlà alámì mẹ́ta, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹni gíga bíi tirẹ̀ kì í fẹ́ dé. Ìpinnu yẹn ló gba eré náà là, òun gan-an ni ìwé kò sì kọ.

Orí yìí wà fún kóòṣì, fún olùkọ́ eré ìdárayá, àti fún ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó ń kó àwọn ọmọ jọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgandò, Ìdímù tàbí Ìpájà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí àwọn àdúgbò yìí wà. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tó tó o nínú ìkà náà. Pápá básíkẹ́ẹ̀tì tó wà fún èrò tó tó báyìí kò tó nǹkan, torí náà àyè tí ọmọ kan ní láti fi ara rẹ̀ hàn kò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù bá sì dé, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé jù ni wọ́n ń béèrè. Ìrẹ́jẹ gbáà ni lójú tèmi. Ọmọ tó ń dá alátakò dúró nígbà tí eré bá le yẹ lẹ́ni tí a ń fi nọ́ḿbà gbè lẹ́yìn, nọ́ḿbà ọ̀hún sì ṣeé kó jọ láìsí kámẹ́rà olówó ńlá kankan. Ìwé àjákọ kan, báírò kan àti ẹnì kan tó mọ eré wò ti tó.

Ohun tí ojú tètè ń rí

Nínú NBA, wọn kò ka blọ́ọ̀kù àti jíjá bọ́ọ̀lù gbà sínú ìwé títí di sáà 1973 sí 1974. Bill Russell, tí ọ̀pọ̀ kóòṣì gbà pé kò sí adènà tó jù ú lọ rí, ti gba ife 11 pẹ̀lú Boston Celtics, ó sì ti fẹ̀yìn tì ní 1969. Bí ẹ bá ṣí ìwé, blọ́ọ̀kù rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Olajuwon, tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ń kà á, ló ní iye tó pọ̀ jù lọ títí dòní, 3,830. Kì í ṣe pé Russell kò ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mú báírò lọ́wọ́ nígbà tirẹ̀ ni.

Nǹkan bí ọdún 2016 ni NBA ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ohun kéékèèké sílẹ̀ fún gbogbo ayé rí: iye ìgbà tí ọwọ́ adènà kan bọ́ọ̀lù tó ń kọjá, iye ìgbà tó na ọwọ́ sójú ẹni tó ń jù, iye ìgbà tó dúró gbọn-in tí alátakò wá fi ara kọ lù ú, iye bọ́ọ̀lù tó já sílẹ̀ tó sáré lọ kó. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ohun tó ṣòroó kà jù ṣì wà nílẹ̀. Adènà rí bí ọlọ́dẹ àdúgbò: olè tó mú ni gbogbo ayé ń ròyìn, òru tí olè kò yọjú nítorí pé ó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á. Ọmọ tó mọ ẹ̀ṣọ́ ṣe dáadáa, bọ́ọ̀lù kì í dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ rárá. Ó lè parí eré láìní blọ́ọ̀kù kan, láìjá bọ́ọ̀lù kan gbà, kó sì jẹ́ pé òun gan-an ló jẹ́ ká borí. Ẹlòmíràn á já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọn kò ní rántí pé ìgbà mélòó kan mìíràn tó sáré bẹ́ẹ̀ tó tàsé, ọ̀nà ló là sílẹ̀ fún alátakò dé abẹ́ àwọ̀n.

Ìgbà wo ni ká bẹ̀rẹ̀ sí í kà?

NBA ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ fún eré tó le: ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn, kí ìyàtọ̀ àárín ẹgbẹ́ méjèèjì má ju àmì márùn-ún lọ. Ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀ wá sí Ìgandò. Ìṣẹ́jú 48 ni eré tiwọn. Òfin FIBA tí à ń lò nílé jẹ́ kọ́tà mẹ́rin oníṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, 40 lápapọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kẹ́yìn ni mo fara mọ́, torí ìdá kan nínú mẹ́wàá eré ni, ó sì sún mọ́ ìwọ̀n tí NBA ń lò. Ní ti ìyàtọ̀ àmì, ẹ lo mẹ́fà tàbí ohun tó dín, nítorí pé jíjù alámì mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì péré lè pa á rẹ́. Bí eré bá di ọ̀mì tó sì wọ àfikún àkókò, gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀ ló wọ ìwé. Bí ìyàtọ̀ bá fò kọjá mẹ́fà, ẹ dá báírò dúró; bó bá padà wálẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ eré àdúgbò, kọ́tà kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, aago kì í sì í dúró bí bọ́ọ̀lù bá jáde. Ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta níbẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ yan òṣùwọ̀n yìí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì má sún un síwá tàbí sẹ́yìn nítorí ọmọ kan tí ẹ fẹ́ràn.

Ẹ rántí D'Tigers, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin Nàìjíríà. Ní ìdíje àgbáyé 2006 ní Japan, Jámánì tí Dirk Nowitzki wà nínú rẹ̀ fi àmì kan ṣoṣo lé wọn jáde ní ìpele ẹgbẹ́ 16, 78 sí 77. Ní oṣù Keje 2021, ní Las Vegas, D'Tigers yìí kan náà lu Amẹ́ríkà 90 sí 87. Eré ìmúrasílẹ̀ ni, àmọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kan kò lu Amẹ́ríkà rí ṣáájú ọjọ́ náà. Nínú méjèèjì, ìgbà kan péré tí a bá dá alátakò dúró tàbí tí a kò dá a dúró ló yí ìtàn padà.

Ẹ ka ìkọlù

Iye ìṣẹ́jú tí agbábọ́ọ̀lù lò lórí pápá kò sọ púpọ̀. Ìkọlù ni kí ẹ kà. Ìkọlù kan bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ alátakò, ó sì parí nígbà tí bọ́ọ̀lù bá padà di tiwa, ì báà jẹ́ pé wọ́n ju bọ́ọ̀lù wọlé, pé a já a gbà, pé a kó èyí tó ta lára irin, tàbí pé ìṣẹ́jú àáyá 24 wọn parí. Bí wọ́n bá jù, tó tàsé, tí àwọn fúnra wọn sì tún kó o, ìkọlù kan náà ṣì ni. Ẹ má kà á sí méjì. Níbi tí ẹ bá ti kà á sí méjì, ẹ ó máa yin ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ kí alátakò jù lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹgbẹ́ kan kì í sábà ní ju bí ìkọlù mẹ́jọ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo lè kọ mẹ́jọ láìkánjú.

Fún ìkọlù kọ̀ọ̀kan, ìlà kan nínú ìwé. Ẹ kọ aago àti ìyàtọ̀ àmì sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, lẹ́yìn náà nọ́ḿbà àwọn ọmọ wa márùn-ún tó wà lórí pápá. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ń ṣọ́ alátakò tó jù tàbí tó sọ bọ́ọ̀lù nù. Ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́, bí ó bá wà. Bí ìkọlù náà ṣe parí. Àti iye àmì tí wọ́n rí. Lẹ́tà kan ti tó fún òpin: J fún jíjá gbà, B fún blọ́ọ̀kù, T fún èyí tó tàsé, W fún èyí tó wọlé, F fún fáàùlù, A fún aago tó parí mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ T àti W, ẹ fi lẹ́tà kékeré kan kún un láti fi hàn bóyá ojú ẹni tó jù ṣí sílẹ̀ (ṣ) tàbí ọwọ́ wa wà lójú rẹ̀ (h, fún híhá). Lẹ́tà kékeré yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo yòókù, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ojú alátakò bá ṣí sílẹ̀ gedegbe tó jù, tó sì tàsé, kò sẹ́ni tó dènà nǹkan kan. Oríire ni. Bí ọmọ wa bá sì na ọwọ́ sójú rẹ̀ débi tó yẹ, tí alátakò jù ú ní tipátipá, tó sì wọlé, ọmọ wa ti ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Kóòṣì tó bá ń fi bọ́ọ̀lù tó wọlé àti èyí tó tàsé nìkan ṣe ìdájọ́ yóò bá ẹni tó ṣiṣẹ́ wí, yóò sì yin ẹni tó sùn. Nínú eré tó gbóná, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, ìyẹn ló sì ń ṣẹlẹ̀ jù.

Bí a ṣe ń pín ọlá

Dean Oliver, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé *Basketball on Paper* ní 2004, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé kí á máa ka iye ìgbà tí a dá alátakò dúró, ká sì mọ ẹni tó ni ín. Òṣùwọ̀n tirẹ̀ ní ìṣirò púpọ̀. Èyí tí mo ń sọ níbí rọrùn jù ú lọ, kí ẹni tó wà létí pápá lè ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ìkọlù tí alátakò kò rí àmì kankan nínú rẹ̀ jẹ́ ọlá kan odindi. Kì í kọjá kan. Iṣẹ́ wa ni láti pín kan yìí.

Bí ọmọ kan bá dá já bọ́ọ̀lù gbà, òun ló ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù kí òun tó mú un, ìdajì-ìdajì. Bí alátakò bá jù lábẹ́ ọwọ́ adènà tó tàsé, ìdajì fún ẹni tó na ọwọ́, ìdajì fún ẹni tó kó bọ́ọ̀lù tó ta padà, nítorí jíjù tó tàsé kò tíì di nǹkan kan títí a ó fi kó o. Ẹ wo ẹni tó fi ẹ̀yìn ti alátakò sẹ́yìn kí ẹnì kejì rẹ̀ lè kó bọ́ọ̀lù náà. Bí ó bá hàn kedere pé òun ló ṣiṣẹ́, kí àwọn méjèèjì pín ìdajì yẹn. Blọ́ọ̀kù kò yàtọ̀. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò lórí pápá gba ìyìn àwọn òǹwòran, àmọ́ bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ ti alátakò, ìkọlù sì ń bá a lọ. Ẹ má fún un ní nǹkan kan títí ìkọlù yóò fi parí. Bí ojú alátakò bá ṣí sílẹ̀ tó sì tàsé, ẹni tó kó bọ́ọ̀lù nìkan ló gba ìdajì tirẹ̀. Ẹ kọ ìdajì kejì sí abẹ́ "oríire", kí ẹ lè mọ̀ ní òpin sáà bí oríire ṣe gbé yín tó.

Aago tó parí mọ́ alátakò lọ́wọ́ ló yàtọ̀. Ìdá márùn-ún, kálukú gba tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe: ẹnì kan ti ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan gé ọ̀nà tí yóò fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, ẹnì kan ń pariwo láti ẹ̀yìn sọ ibi tí ògiri ti ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn D'Tigress, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n gba ife AfroBasket lẹ́ẹ̀marùn-ún léra láti 2017 títí di 2025, ti fi èyí han gbogbo Áfíríkà. Ní Òlíńpíìkì Paris 2024, lábẹ́ kóòṣì Rena Wakama, wọ́n lu Australia 75 sí 62, wọ́n lu Canada 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ nínú básíkẹ́ẹ̀tì Òlíńpíìkì. Ẹni tó bá wo eré wọn yóò rí i pé láti orí pápá alátakò ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í há wọn mọ́. Bí ẹ bá wá ẹnì kan ṣoṣo láti fún ní gbogbo ọlá yẹn, ẹ ti ṣì wọ́n mọ̀.

Ìrànwọ́ ni apá tó le jù láti pín. Ẹ wo eré tí Miami Heat bá Boston Celtics gbá ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2020. Àfikún àkókò ń parí lọ, Heat ń fi àmì méjì ṣáájú, Jayson Tatum ti kọjá ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó fò láti fi bọ́ọ̀lù rọ́ inú àwọ̀n. Bam Adebayo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dé láti ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ òsì dá a padà lókè irin. Heat borí, 117 sí 114. Adebayo ló lọlá, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tiwa, ẹ ó fi àmì K sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n gbà kọjá. K kì í yọ nǹkan kúrò nínú ọlá. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹ rí i, lẹ́yìn eré bíi mẹ́wàá, pé ọmọ kan wà tí àwọn ẹlòmíràn ń tún nǹkan ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Irú ìrànwọ́ kejì ni ti Giannis Antetokounmpo, ọmọ tí wọ́n bí ní Athens, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2021, nínú eré kẹrin àṣekágbá NBA, Milwaukee Bucks ń fi àmì méjì ṣáájú Phoenix Suns, 101 sí 99, ó ku ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 14. Devin Booker ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀. Giannis sún sí i kó má bàa jù, Booker sì sọ bọ́ọ̀lù sókè fún Deandre Ayton lẹ́yìn Giannis. Giannis yí padà, ó fò, ó gbá a lójú irin. Bucks borí 109 sí 103, wọ́n sì gba ife náà lẹ́yìn náà. Ẹni méjì ni Giannis dá dúró nínú ìkọlù kan: ó gba ọkàn Booker kúrò lórí jíjù, ó tún gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Ayton. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá yín, odindi ọlá náà ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀yìn ojú ìwé, torí lẹ́tà kan kò lè gbé e.

Bọ́ọ̀lù tí kò dé

Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù tó léwu jù nínú ẹgbẹ́ alátakò. Gbogbo wa la máa ń mọ̀ ọ́n kí kọ́tà kẹrin tó dé. Láti ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kẹ́yìn, ẹ máa fa ìlà kékeré kan ní gbogbo ìkọlù tí bọ́ọ̀lù kò dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ḿbà ọmọ wa tó ń ṣọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Òfo" la ń pe ìlà yìí. Ẹ má kó òfo mọ́ ọlá. Ojú ìwé tirẹ̀ ni kó dá wà. Bí ọmọ kan bá ṣọ́ ọ̀gá wọn ní ìkọlù mẹ́jọ, tí òfo márùn-ún sì wà níbẹ̀, ẹ ti rí ẹni tí ẹ ń wá, ìyẹn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju bọ́ọ̀lù kan wọlé láti àárọ̀.

Fáàùlù

Nínú òfin FIBA, bí ẹgbẹ́ bá ti ṣe fáàùlù mẹ́rin nínú kọ́tà kan, láti ìkarùn-ún lọ, alátakò yóò máa gba jíjù ọ̀fẹ́ méjì. Fáàùlù márùn-ún sì ni ẹnì kan ń ní kó tó jáde pátápátá. Nítorí náà ẹ kọ iye fáàùlù kálukú sílẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́rin náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti ní mẹ́rin yóò máa fa ọwọ́ sẹ́yìn, kò sì yẹ ká fi wé ẹni tó ní ẹyọ kan.

Ẹ má ka jíjù ọ̀fẹ́ tí alátakò ju nù sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ wá iye tí àwọn ọmọ ìdíje yín sábà ń ju wọlé. Bí ó bá jẹ́ ìdajì, jíjù ọ̀fẹ́ méjì kò ju àmì kan lọ, ẹ kọ kan yẹn sí ọrùn ẹni tó ṣe fáàùlù, ì báà wọlé, ì báà tàsé. Ẹ ó rí i nígbà náà pé fáàùlù tó dí ẹni tó ti dá wà lábẹ́ àwọ̀n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: àmì méjì tó dájú ló sọ di kan. Fáàùlù lórí ẹni tó fẹ́ jù láti ọ̀nà jíjìn nígbà tí aago ń tán lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn ni kí inú bí kóòṣì sí. Fáàùlù tí kóòṣì fúnra rẹ̀ pa láṣẹ nítorí pé a wà lẹ́yìn, ẹ yí i po, kí ẹ má sì kà á sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Nọ́ḿbà kékeré ń tanni jẹ

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, àní àwọn tó ń gba owó nídìí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ìkọlù mẹ́jọ nínú eré kan kò tó láti dá ẹnikẹ́ni láre tàbí lẹ́bi. Bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta méjì tó ṣèèṣì wọlé lè sọ adènà rere di ẹni yẹpẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní, nínú ìdíje yín, alátakò sábà ń rí 0.9 àmì nínú ìkọlù kan nígbà tí eré bá le. Ọmọ kìíní wà lórí pápá fún ìkọlù 20, alátakò rí àmì 10: 0.5 ni. Ọmọ kejì wà níbẹ̀ fún ìkọlù 60, wọ́n rí àmì 42: 0.7. Ẹni tó bá wo èyí yóò ní ọmọ kìíní ju ọmọ kejì lọ fíìfíì. Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìkọlù 40 tí kò yàtọ̀ sí ti gbogbo ìdíje kún ti kálukú wọn, ìyẹn àmì 36. Ti ọmọ kìíní wá di àmì 46 nínú ìkọlù 60, bíi 0.77. Ti ọmọ kejì di 78 nínú 100, ìyẹn 0.78. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí ọmọ kìíní ní tí ó dà bí ẹ̀bùn ńlá, àìpẹ́ lórí pápá ló jẹ́ kó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìkọlù 60 náà, àmì 30 ni ì bá jẹ́, òṣùwọ̀n rẹ̀ ì bá sì di 0.66; ìgbà yẹn la ó gbà fún un.

Ìdí tí mo fi mú 40 ni pé ó tó bí eré márùn-ún tó le. Ẹ lè lo 30, ẹ lè lo 50, kí ó ṣá má yí padà láàárín sáà. Ẹ tún wo àwọn tó ń bá ọmọ náà gbá. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó wà lórí pápá ni ọmọ gíga kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n, ẹ kò tíì mọ ẹni tó ni iṣẹ́. Nígbà ìdánrawò, ẹ yà wọ́n: ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sórí aago, ẹ fi ìyàtọ̀ àmì méjì sí i, ẹ fi ọ̀kan sí apá kìíní, ìkejì sí apá kejì, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ eré gidi. Ojú ìwé mìíràn ni kó wà, nítorí ìdánrawò kì í ní ẹ̀rù eré gidi nínú.

Pápá tiwa

Ọ̀pọ̀ pápá wa ni kò ní òrùlé, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, tí irin àwọ̀n kan sì lè tẹ̀ síwájú ju èkejì lọ. Ẹ kọ irin tí alátakò ń jù sí ní kọ́tà kẹrin sílẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta yóò máa tàsé fún gbogbo ènìyàn, kò sì yẹ kí adènà gba ọlá atẹ́gùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ní aago mẹ́fà ààbọ̀ tí iná kò sí, ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn gan-an ni ojú kì í ríran mọ́. Ẹ kọ ìyẹn náà. Bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, orí àtẹ̀gùn rẹ̀ ni kí ẹni tó ń kọ̀wé dúró, kí ó fi fóònù ká ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn nìkan sílẹ̀, torí fóònù tó bá ká gbogbo eré sábà máa ń kú kí kọ́tà kẹrin tó dé. Ẹ máa wò ó padà lálẹ́ ọjọ́ náà kí ẹ fi tún lẹ́tà ṣ àti h ṣe. Ojú máa ń ṣìnà lórí ìyẹn.

Eré tó bá sì gbé yín jáde lọ sí Rowe Park ní Yábàá tàbí sí pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọmọ tó kúrò ní Ìgandò láàárọ̀, tó wọ dánfó, tó dúró nínú gosílóò láti Ìkòtún títí dé Ọ̀ṣọ́dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní rí bákan náà ní ìṣẹ́jú kejìdínlógójì bí ti ọmọ tó ń gbé nítòsí pápá. Ìdènà ni nǹkan àkọ́kọ́ tí àárẹ̀ ń mú lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń ṣe é. Mo máa ń ní kí wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú tí kálukú ti gbá kí àkókò líle tó dé sí òkè ojú ìwé, àti ibi tí eré ti wáyé. Lẹ́yìn sáà kan, ẹ ó rí ọmọ tó jẹ́ pé ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta ní kọ́tà kẹta ló ń sọ ọ́ di ẹlòmíràn.

Lílo ìwé náà

Ohun méjì ni mo rò pé ó yẹ kí ìwé yìí ṣe. Àkọ́kọ́ ni yíyan àwọn márùn-ún tí yóò parí eré nígbà tí a bá wà níwájú. Kò di dandan kí wọ́n jẹ́ àwọn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá ń fi àmì mẹ́rin ṣáájú tí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kù, ọmọ tí òfo rẹ̀ pọ̀ wúlò ju ẹni tó ti ju àmì 20 wọlé tí K kún ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Kóòṣì tó bá ṣe èyí yóò gbọ́ ariwo láti ẹnu àwọn òǹwòran, pàápàá láti ọ̀dọ̀ ẹbí ọmọ tó jókòó. Ìwé ló máa fi dáhùn.

Ìkejì ni bíbá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ má ka K ẹnikẹ́ni sókè lójú ẹgbẹ́. Bí ọmọ bá wá bá yín lẹ́yìn eré tó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ sí iwájú orúkọ mi?", ẹ ṣí ìwé, ẹ fi hàn án, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú aago rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń rántí ìkọlù kọ̀ọ̀kan ju bí a ṣe rò lọ, wọ́n sì máa ń tún ìwé wa ṣe: "Kóòṣì, èmi kọ́ ni wọ́n gbà kọjá, a ti pààrọ̀ ẹni." Ẹ gbọ́ ọ, ẹ wo fóònù, bó bá jẹ́ òtítọ́, ẹ yí i padà.

Bí ọmọ kan bá sì ń lọ sí ìdánwò ẹgbẹ́ ńlá, ẹ da ojú ìwé tirẹ̀ kọ sínú ìwé mímọ́ kan fún un: ọlá, òfo, K, fáàùlù, àti orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá. Lókè pátápátá ni kí ẹ kọ iye ìkọlù tí ẹ fi ṣe ìṣirò náà sí, ṣáájú nọ́ḿbà yòókù, torí ohun tí kóòṣì tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wá nìyẹn.